Bọ́ọ̀lù Onírun Tó Dá Àkànbí Dúró

Leeds, ìlú Òyìnbó
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 1974

Ìyá àgbà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Mo kí Bàbá mi, mo kí Tinúadé, mo kí gbogbo ilé. Ẹ bá mi kí Bàbá Akọ̀wé dáadáa, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa ń ka iye ìgbà tí orúkọ wọn jáde nínú lẹ́tà.

Mo yege nínú ìdánwò mi. Iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ dè mí ní Ìbàdàn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n ti dé kí oṣù Kọkànlá tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á fún ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè máa bọ̀, Ìyá àgbà. Ẹ má bínú. Kì í ṣe obìnrin, kì í ṣe àìsàn. Bọ́ọ̀lù ni.

Eré kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní tẹ́níìsì. Ẹni méjì á dúró, àwọ̀n á wà láàárín wọn, oníkálukú á mú igi tí wọ́n ta okùn sí lórí, wọ́n á máa fi gbá bọ́ọ̀lù síra wọn. Èmi àti ẹgbẹ́ kan ládùúgbò ń ṣe é lọ́jọ́ Sátidé fún ìgbádùn. Mo ti borí gbogbo wọn, àfi bàbá kan, Mísítà Wọ́kà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, orí rẹ̀ funfun báláú, iṣẹ́ pípín lẹ́tà ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í sáré. Nígbà mìíràn á dúró láàárín eré kó fun imú. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la ti pàdé, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti borí mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi ni mo máa ń ṣáájú. Tó bá ti wá ku ẹyọ kan ṣoṣo kí n borí, orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Á ní, "Jídé, ó ku ẹyọ kan o. Báwo lo ṣe máa ń di igi yẹn mú ná? Ìgúnpá rẹ ńkọ́?" Bí mo bá ti wo ìgúnpá mi báyìí, ó parí.

Ní Sátidé tó kọjá, inú bí mi, mo búra níwájú gbogbo wọn pé mi ò ní wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé àfi tí mo bá borí bàbá yìí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé èèyàn kì í búra tán kó tún yẹ̀ ẹ́.

Mo fi bọ́ọ̀lù náà kan rán Nọ́ọ̀sì Ràbíátù tó ń padà sí Ìlá lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wí.

Ọmọ yín,
Ọlájídé Àkànbí


Ìlá Ọ̀ràngún
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà, 1974

Àkànbí mi,

O kú àjò, o kú òtútù, o kú ìdánwò. Èmi ìyá rẹ àgbà ni mò ń sọ̀rọ̀, Tinúadé àbúrò rẹ ló ń kọ ọ́. Mo ti sọ fún un kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má fi ọgbọ́n ilé ìwé tún un ṣe. Ṣé o ti kọ ìyẹn? Kọ ìyẹn náà.

Ràbíátù gbé bọ́ọ̀lù dé. Mo gbà á, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Ó nírun bí orí ọmọ tuntun. Akọ̀wé gbóòórùn rẹ̀, ó ní kì í ṣe nǹkan jíjẹ. Ewúrẹ́ Ìyá Àmúdà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé e, a lé e títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kó tó tu ú sílẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá rẹ àgbà. Ẹni tó bá wá kí mi, tó bá bèèrè, mo ń sọ fún un pé ohun tó dá ọmọ mi dúró sókè òkun nìyẹn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní Ọlọ́run á kó o yọ.

Bàbá rẹ ka lẹ́tà rẹ tán, ó gbé e sílẹ̀, ó gba oko kòkó lọ láìmu ẹ̀kọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò rán ẹnikẹ́ni lọ sókè òkun kó lọ máa gbá irun kiri. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Tèmi ni pé ọdún márùn-ún ni mi ò fojú rí ọ. Ojú yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ rí ọ nígbà tí mo ṣì lè yà ọ́ sọ́tọ̀ lára òpó.

Nítorí náà, mo ti gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí lé orí ara mi. Mo ní kí Ràbíátù ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ó ní tí ẹ bá jẹ ẹyọ kan, ẹ̀ ń kà á sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní kí ló fà á? Ó ní tí ẹ bá jẹ èkejì, ó di ọgbọ̀n. Ó dáa. Mo ní ẹ̀kẹta wá di márùndínláàádọ́ta. Ó ní rárá o, ogójì ni. Àkànbí, márùn-ún yòókù dà? Ta ló kó o? Bi bàbá náà kó dáhùn.

Mo wò ó títí, mo rí i pé ayò ni ẹ̀ ń ta, ìdúró lẹ fi ń ta tiyín. Ó ní ọ̀ta tó ń pani, ó ní òpè tí wọ́n ń pa. Nídìí ayò, ta ló ń dákẹ́? Ẹnu la fi ń ta á kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Tó bá ti ku ẹyọ kan kí o pa á, yí i ká, kó o kọrin fún un:

Òpè dé, òpè rè é,
Ẹ gbé àpótí fún un kó jókòó sunkún.

Ó ní láti bínú. Tó bá ti bínú, tìẹ ni.

Fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́, èyí tí kì í yọ irun. Irun tó wà nílé báyìí tó.

Èmi,
Ìyá rẹ àgbà


Leeds
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, 1974

Ìyá àgbà mi,

Mo kí yín, ẹ kú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orin ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Mi ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe eré yìí. Àwọn tó ń wòran pàápàá, ìka méjì ni wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́. Ajá kan gbó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ajá jáde, olówó rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ní Sátidé tó kọjá, ó ku ẹyọ kan kí n borí Mísítà Wọ́kà. Mo ju igi mi sílẹ̀, mo pòòyì yí i ká, mo nàka sí i, mo kọ orin yín láti òkè délẹ̀, mo sì jó díẹ̀ sí i. Kò bínú. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Ó rò pé àdúrà ni. Nígbà tí mo parí ó ní, "Àmín," ó wọ fìlà rẹ̀ padà, ó sì jẹ ẹyọ márùn-ún léra wọn.

Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ṣèpàdé lé mi lórí. Wọ́n ní kí n má fẹsẹ̀ tẹ pápá fún Sátidé mẹ́ta. Mísítà Wọ́kà nìkan ló bá mi bẹ̀bẹ̀. Ó ní ohùn mi dùn.

Fọ́tò tí wọ́n yà wá lọ́jọ́ náà ló wà nínú ìwé yìí. Ẹ wo bí ojú mi ṣe rí.

Ọmọ yín,
Àkànbí


Ìlá Ọ̀ràngún
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ, 1974

Àkànbí, ọmọ tí wọ́n fi eré lé kúrò nídìí eré,

Mo kí ọ. Mo rẹ́rìn-ín títí èéfín ọbẹ̀ fi sọ fún mi pé ó ti jóná. Àwọn tí wọ́n ń fi ìka méjì pàtẹ́wọ́, ìka mélòó ni wọ́n fi ń jẹun?

Fọ́tò dé ọwọ́ mi. Mo gbé e jáde síta, mo wò ó nínú oòrùn. Báàgì ta lo gbé lápá yẹn? Má purọ́ fún mi, tìẹ wà lẹ́yìn rẹ. Báàgì bàbá náà ni. Ìwọ lo bá a gbé e wá, ìwọ lo ń bá a gbé e lọ. Mo tún wò ó dáadáa: òun wà níbòòji, ìwọ wà nínú oòrùn. Ọwọ́ rẹ kejì wà lẹ́yìn, o ń wolẹ̀, bí ìgbà tí bàbá rẹ bá ń bá ọ wí. Àkànbí, ìgúnpá kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Àgbà lò ń bẹ̀rù. Tó bá ti ku ẹyọ kan kó o pa á, nǹkan kan nínú rẹ ń dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, báwo ló ṣe máa rí bọ́ọ̀lù tó ń fò lókè?

Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ìgbà tó o wà ní kékeré, o kí ère tó wà níwájú ilé pádì, o rò pé àgbàlagbà ni.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Kí i tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Fúráídé, kí i, dọ̀bálẹ̀, bá a gbálẹ̀ tó bá fẹ́. Kí gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà lára rẹ tán síbẹ̀. Ní Sátidé, má gbé báàgì ẹnikẹ́ni. Kò sí àgbà nídìí ayò, ọ̀ta ló wà níbẹ̀.

Àti pé orí tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn, wá iṣẹ́ fún un. Nígbà tí mo ń pọnmi, ìkòkò kì í mì lórí mi. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi á máa sọ̀rọ̀ ọkọ wa títí a ó fi délé. Ọjọ́ tí mo rántí pé ìkòkò wà lórí mi ni mo fọ́ ọ.

Fi àdírẹ́ẹ̀sì bàbá náà ránṣẹ́ sí mi. Mo kàn fẹ́ kí i.

Èmi,
Ìyá rẹ àgbà

Bùọ̀dá Jídé, èmi Tinúadé ni mo kọ ti ìsàlẹ̀ yìí, wọn ò mọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn gan-an ò tíì pa Bàbá Akọ̀wé rí nídìí ayò. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń fo ọmọ ayò tó yẹ kí wọ́n jẹ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ọkọ mi ni wọ́n." Àbúrò ọkọ wọn ni, Ìyá àgbà sì dàgbà jù wọ́n lọ.


Leeds
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 1974

Ìyá àgbà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣe bí ẹ ti wí. Mo lọ kí Mísítà Wọ́kà ní Fúráídé, mo gbá iwájú ilé rẹ̀, ó fún mi ní tíì. Ní Sátidé mi ò gbé báàgì rẹ̀. Mo ṣáájú dáadáa. Ó wá ku ẹyọ kan. Ó di orúnkún mú, ó ní, "Jídé, egungun àgbà." Ìyá àgbà, ẹnu mi ti sọ "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà" kí n tó mọ̀. Ó borí.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ nǹkan kan nípa ayò yín àti Bàbá Akọ̀wé. Mi ò ní sọ ẹni tó sọ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò sí àgbà nídìí ayò, ìjọba ta ni Bàbá Akọ̀wé ń jẹ lórí yín níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣàdéhùn. Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ká àwọ̀n kúrò nítorí òtútù, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ pa Bàbá Akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan péré kó tó di ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí mi. Tí ẹ̀yin bá lè ṣe é, èmi náà á ṣe é. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ẹlòmíì níṣẹ́ Ìbàdàn.

Àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ bèèrè wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Ọmọ yín,
Àkànbí


Ìlá Ọ̀ràngún
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án, 1974

Àkànbí, ọmọ tó ń halẹ̀ mọ́ ìyá bàbá rẹ̀,

Mo kí ọ. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó ń bá mi kọ̀wé ń kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo ti bá a wí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí.

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, ọmọ ọdún méje ni Akọ̀wé, ìhòòhò ló wà, ó ń jẹ ìrèké, imú rẹ̀ ń dà. Wọ́n ní, "Kúnlẹ̀, ọkọ rẹ nìyẹn." Mo kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò tíì dìde tán. Irun mi funfun ju tirẹ̀ lọ, Ìyàwó ló ń pè mí títí dòní, èmi ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, Akọ̀wé tí mo sọ ọ́ ni mò ń pè é. Tí mo bá fẹ́ jẹ ọmọ ayò rẹ̀, ọwọ́ mi á dá dúró, á ní, "Ọkọ ẹ ni o."

Lọ́jọ́bọ̀, mo gúnyán, mo gbé e fún un, ó jẹun yó. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, mo kí yín fún òní, mo kí yín fún ọ̀la, mo kí yín fún ọdún tó ń bọ̀. Ìkíni ti parí."

Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ò ń rìnrìn àjò ni?"

Mo ní, "Ẹ jókòó."

Ó pa mí lákọ̀ọ́kọ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣáájú. Ó wá ku díẹ̀, ọwọ́ mi tún dá dúró lókè ọpọ́n. Ó rí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, rọra o." Mo ní kí n wá iṣẹ́ fún orí mi. Mo ń ronú: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, ogójì. Márùn-ún dà? Bóyá àwọn tó ń ká àwọ̀n ló ń kó o lọ sílé. Ibi tí mo ti ń wá márùn-ún náà kiri lọ́wọ́ mi ti jẹ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Akọ̀wé wo ọpọ́n. Ó ka ọmọ ayò. Ó gbé ìdí, ó wo abẹ́ ẹ̀. Ó ní kí Tinúadé gbọn ìró rẹ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó ní, "Ìyàwó, ta ló wà nínú rẹ?" Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀ kan àti tèmi kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àkùkọ ò tíì kọ lọ́jọ́ kejì tó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ọpọ́n lábíyá. Ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀ ní Ìrèsì, ó ní òun ò lọ mọ́ títí òun á fi gba tòun padà. Mo ní, ẹ wò ó, òmíràn tún rè é.

Mo ti ṣe tèmi. Ó ku tìẹ.

Àtàǹpàkò mi ni mo fi tàdáwà tẹ ìsàlẹ̀ ìwé yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè kọ nǹkan kan síbẹ̀.


Ìlá Ọ̀ràngún
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án, 1974

Mísítà Wọ́kà, bàbá àwọn ọmọ,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni ìyá àgbà Jídé, ẹni tó fi orin yẹn ránṣẹ́. Ẹ má bínú, àdúrà kọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fún ọmọ mi ní tíì. Ẹ ṣeun tí ẹ bá a bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àgbààgbà yín fẹ́ jẹ ẹ́. Mo tún wá bẹ̀bẹ̀ kan sí i. Ọmọ yẹn gbọ́n, ó lágbára, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti wúkọ́ báyìí, ó parí fún un. Ó sì ti búra. Tí kò bá borí yín lọ́jọ́ tí wọ́n máa ká àwọ̀n, kò ní wálé, iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́, èmi náà ò sì kéré mọ́.

Ẹ jẹ́ kó borí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní orúnkún ń dùn yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dùn yín lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àgbà tó bá ṣubú fún ọmọdé kò ṣubú, ó kàn jókòó ni.

Ẹ má sọ fún un láé. Ọmọ ọmọ mi ló ń fi òyìnbó kọ èyí. Ìwé kẹta ló wà, ibi tó bá ti kù díẹ̀, ẹ fi ojú àánú kà á.

Márùn-ún yẹn sì ńkọ́?

Ìyá àgbà Jídé


Leeds
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 1974

Ìyá àgbà mi, ọ̀ta tó pa ọ̀ta,

Mo borí.

Lẹ́tà yín dé ní Wẹ́sídé. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó jókòó tì mí fi dìde. Ní Sátidé afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọwọ́ gbogbo wa ti gan fún òtútù. A gbá a títí, ó ku ẹyọ kan. Orí mi ní, "Jídé." Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mísítà Wọ́kà di orúnkún mú. Ọkùnrin tó ń ka iye wá fi ohùn ńlá ní, "Ogójì." Mo bá rántí yín, ẹ jókòó nídìí ọpọ́n ẹ ń wá márùn-ún kiri, Bàbá Akọ̀wé ń wo abẹ́ ìdí wọn. Ẹ̀rín gbé mi. Ẹ̀rín ni mò ń rín lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù dé, mi ò ráyè wo ìgúnpá. Mo gbá a. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ nawọ́ sí i.

Àwọn tó ń wòran dìde dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́, gbogbo ìka ni wọ́n fi pa á.

Mo fi orí ara mi ṣe é, Ìyá àgbà, ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́. Mò ń bọ̀. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú mi.

Ọmọ yín,
Àkànbí


Ìlá Ọ̀ràngún
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, 1974

Àkànbí mi,

O kú oríire. Bàbá rẹ ka lẹ́tà rẹ, ó mu ẹ̀kọ méjì, ó mu omi sí i, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eré yẹn dára fún ara.

Mo ní nǹkan kan láti sọ fún ọ. Ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kì í gba ọ̀rọ̀. Mo kọ̀wé sí bàbá yẹn lẹ́yìn rẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o borí. Nígbà tí ìròyìn rẹ dé, tó o ní ìwọ lo fi orí ara rẹ ṣe é, mo wo Tinúadé, Tinúadé wo mí. Mo pe Akọ̀wé sí kọ̀rọ̀, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ̀bẹ̀ mi ló ṣiṣẹ́." Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń rìn bí ẹni tó ra ọjà láìná an.

Lánàá ni lẹ́tà bàbá náà dé. Tinúadé kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní lẹ́tà mi tẹ òun lọ́wọ́ ní Túsìdé, Sátidé lẹ ti gbá bọ́ọ̀lù yín tán. Ó ní ọdún méjìdínlógójì lòun fi pín lẹ́tà, òun ò rí èyí tó pẹ́ tó sì ṣe rere báyìí rí, torí òun ì bá má mọ ohun tóun máa ṣe ká ní ó tètè dé. Ó ní gbogbo agbára òun lòun fi ta á lọ́jọ́ náà, torí òun mọ̀ pé tí o bá borí, wàá lọ, kò sì sí ẹlòmíì tó ń gbá iwájú ilé fún òun. Ó ní o borí òun pátápátá, ò ń rẹ́rìn-ín, o ò gbé báàgì ẹnikẹ́ni, o ò sì ní kí òun pẹ̀lẹ́. O bọ òun lọ́wọ́ bí ọkùnrin méjì. Ó wá di ọjọ́ kejì, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọ lórí ìdọ̀bálẹ̀ nínú òjò, àwọn ará àdúgbò ń yọjú lójú fèrèsé.

Nítorí náà mo gbà: ìwọ lo fi orí ara rẹ ṣe é. Mo ti sọ fún Akọ̀wé náà. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó sì gbàgbé pé òun ń bínú, ó ti lọ sí Ìrèsì.

Ní ti márùn-ún, bàbá náà ní láti kékeré lòun ti ń ta á, òun ò bèèrè rí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí lẹ́tà mi ti dé, òun ò rí oorun sùn mọ́. Ó ní tí àwọ̀n bá tún padà, òun ò mọ̀ bóyá òun á lè gbá a dáadáa. Bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó o tó kúrò níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ̀ pé ó máa wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀.

Máa bọ̀, Àkànbí. Wọ aṣọ tó nípọn títí dé Èkó. Ìyá Àmúdà ti so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dè ọ́. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé, dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí mi, jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí rẹ, jẹ́ kí n sunkún mi tán. Kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Ọpọ́n wà nílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Tí o bá ti jókòó sídìí ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́ rí.

Èmi,
Ìyá rẹ àgbà